Ẹja Agbàdúrà Inú Àwọ̀n Hamaura

Láti ọjọ́ tí òrùka ti já sínú òkun ni Kanzo Hamaura, apẹja, kò ti bá Minori ọmọbìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó ń pariwo o. Ariwo ì bá tilẹ̀ sàn. Ṣe ni ọkùnrin náà pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀. Lórí ọkọ̀, tó bá fẹ́ kí Minori tú okùn, ọwọ́ ló máa fi júwe. Nílé, tí Minori bá gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ míso síwájú rẹ̀, á wo ọbẹ̀, á wo ògiri, á sì dìde. Ìrẹsì tútù tí wọ́n ń tà lẹ́nu èbúté ló wá ń jẹ, òun tí kì í jẹ oúnjẹ títà. Ó ti ń rù. Ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ nídìí.

Minori náà kò ríbi fi ara sí. Á fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Á jáde lọ wo bóyá òjò ń bọ̀, á wọlé, á tún jáde. Òun nìkan ni Kanzo bí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló sì ti dàgbà, lórí ọkọ̀ yẹn náà, nínú òórùn epo àti ẹja. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí wọ́n fi ẹnu dídì wo ara wọn rí. Ní báyìí, ilé náà dákẹ́ débi pé tí aago ògiri bá dún, ó máa ń ta gìrì.

Ẹ ó ní kí ló kan òrùka nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń bọ̀.

Ní Tomezaki, ìlú etíkun wọn, tí àwọ̀n bá gbé ohun àràmàǹdà wá, Ilé Ẹja, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó wo ẹja ààyè, ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń tẹ̀ láago. Ilé Ẹja yẹn kò ní ẹja àjòjì kankan. Kò sí ẹranko omi tó ń fò fún àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ẹja inú òkun tó wà níwájú ilé náà gan-an ló wà nínú àwọn àpótí gíláàsì rẹ̀, àwọn ẹja tí gbogbo ìlú ń jẹ láàárọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ orúkọ ọkọ̀ tó mú ẹja náà wá. Orúkọ Hamaura pọ̀ níbẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ Kanzo kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

"Ṣé kí n lọ sanwó kí n tó wo ẹja ni?" ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Ṣé ojú mi ti fọ́?"

Nítorí náà, Minori ló máa ń gbé wọn lọ. Lọ́dún kan, nínú òtútù, àwọ̀n gbé ẹja kékeré kan wá tí kò tó àtàǹpàkò, tó rí roboto bí ẹ̀kúrọ́. Minori kó o sínú korobá, ó gbé e dé ẹ̀yìn Ilé Ẹja, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti gbé e jáde, ẹja náà sì lẹ̀ mọ́ ọn látẹ́lẹwọ́ pinpin.

"Ẹ má fà á o!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà ló sáré jáde, omi ń kán lára rẹ̀.

"Èmi kọ́ ló dì í mú. Òun ló dì mí mú."

"Ẹ ki ọwọ́ yín bọ omi. Tó bá wù ú, á sọ̀kalẹ̀."

"Tí kò bá wù ú ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ẹ ti rí iṣẹ́ síbí nìyẹn."

Minori rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró ti korobá náà. Omi tutù bí yìnyín, ọwọ́ Minori sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ omi, ó fi ti ọwọ́ Minori lábẹ́ kó má bàa rẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kí ẹja yẹn tó ṣí. Minori kò rò pé ó pẹ́.

"Kí lorúkọ yín?"

"Hamaura."

"Ìyẹn orúkọ ọkọ̀. Tiyín ni mo bèèrè."

Bí Minori ṣe mọ Yasutaka Kogure nìyẹn o. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le tí ọkọ̀ kò lè jáde, tí gbogbo apẹja ń ṣépè fún afẹ́fẹ́, Minori nìkan ni inú rẹ̀ máa ń dùn. Á di ìborùn, á gba ọ̀nà etíkun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yára ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n á dúró níwájú àpótí kan, wọ́n á máa wo ẹja tí àwọn méjèèjì ti mọ̀ dunjú, wọ́n á sì máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹja rárá. "Ẹ̀yin" tí wọ́n fi ń pe ara wọn di "ìwọ". Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, ìdààmú sì bá a dé.

Nílẹ̀ yẹn, orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ni tọkọtaya ń jẹ́. Ilé tí kò bá bí ọkùnrin, ṣe ni wọ́n máa ń wá ọkọ tí yóò gbà láti fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, kó wọlé wá di ọmọ wọn. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ni Kanzo fẹ́. Orúkọ Hamaura ti wà lára ọkọ̀ láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Yasutaka kọ́ lẹni tó máa wá jẹ́ ẹ. Òun náà ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí, opó tó ń sá èso kaki gbẹ lórí òkè, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gùn títí kó tó dé.

"Wá jẹ́ Hamaura," ni Minori wí lọ́jọ́ kan. Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà.

"Mo ti sọ ọ́ fún ìyá mi."

"Ó ní òun á kú, àbí? Gbogbo ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn bi mí pé ta ni yóò máa fọ òkúta ibojì bàbá mi."

Minori tí òun náà ń bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ lójú ibojì lọ́dọọdún, kí ló fẹ́ sọ? Ó yí ojú padà, ó ń wo ẹja.

Àǹtí Fusae kò kúkú jókòó. Ẹ̀gbọ́n Kanzo lóbìnrin ni, òun sì ni alárinà gbogbo etíkun yẹn. Kò sí ilé tí kò ti wọ̀ láti so ọmọ wọn pọ̀ mọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó ti gbé fọ́tò Ryohei wá, ọmọkùnrin kẹta oníṣòwò ẹja kan, tí inú rẹ̀ dùn láti di Hamaura ní kété tí wọ́n bá ti pè é.

"Wo etí ẹ̀," Àǹtí Fusae wí. "Etí ẹni tó ń gbọ́ràn sí ìyàwó lẹ́nu nìyẹn."

"Àǹtí, mi ò fẹ́ fẹ́ etí."

"Kí lo wá fẹ́? Sọ fún mi kí n mọ̀, kí n yé rin ìrìn òfo!"

Minori kò sọ. Bàbá rẹ̀ kò tíì mọ̀ nípa Yasutaka, ẹ̀rù sì ń bà á. Tó bá sọ ọ́, á di pé kó yan ọ̀kan. Tó bá fẹ́ Yasutaka, ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ fa okùn? Tó bá dúró ti okùn, báwo ni yóò ṣe máa jí lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò fẹ́? Bó ṣe ń yí i sọ́tùn-ún ló ń yí i sósì.

Òrùka ló bá a sọ ọ́. Yasutaka bá wọn wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan kó lè ṣa àwọn ẹja tó fẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé àwọ̀n sókè. Òrùka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Kò fẹ́ mú un jáde lójú omi, ó kàn fẹ́ kó wà lára òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi igbá bu ẹja, nǹkan kan sì tàn yanran létí ọkọ̀. Pó! Ó ti rì.

Létíkun yẹn, èèwọ̀ ni kí irin já sómi. Ì báà ṣe ọ̀bẹ, ì báà ṣe ìkọ́, bí irin bá já sínú òkun, òkun á bínú. Gbogbo ọwọ́ tó wà lára okùn dúró.

"Kí ló já?" ni Kanzo bèèrè.

Ẹlòmíràn á ní bọ́tìnnì ni. Yasutaka kò mọ irọ́ pa.

"Òrùka ni, Ọ̀gá."

"Òrùka kí ni?"

"Ti Minori ni, Ọ̀gá."

Kanzo wo Yasutaka, ó wo ọmọ rẹ̀. Ojú Minori ti sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà mú ìgò ọtí ìrẹsì, ó da gbogbo rẹ̀ sómi, ó tẹ orí ba fún òkun. "Ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa." Ó yí ọkọ̀ padà. Kò tún bá Minori sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ká ní ìtàn tí àwọn ìyá àgbà ń pa fún ọmọdé ni, ẹja kan ì bá ti gbé òrùka yẹn mì, wọ́n ì bá sì rí i nínú ikùn rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò sí ẹja kankan tó gbé e mì o. Òrùka ti lọ, àlọ-ràmù. Ohun tó tún wá burú ni pé àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Tí Minori bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ará ọkọ̀ á wo ara wọn lẹ́yìn rẹ̀.

"Lẹ́yìn àjọ̀dún àwọn òkú, mo ti rí ọjọ́ rere nínú kàlẹ́ńdà," ni Àǹtí Fusae wí. "Ìdílé Ryohei á wá. Àbí kí n ní kí wọ́n má wá?"

Minori la ẹnu, ẹkún ló jáde. Ó sunkún bí ọmọdé, ó ń fi ìnura ìdáná nu imú. Àǹtí Fusae wò ó títí. Ó rọra gbé fọ́tò Ryohei kúrò nílẹ̀.

"Oníbàtà rọ́bà yẹn ni, àbí?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹ́ kí irin já sómi, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo máa lọ fi ojú ara mi wò ó."

Ó lọ lóòótọ́. Ó sanwó wọlé bí àlejò, ó ń tọ Yasutaka lẹ́yìn láti àpótí dé àpótí, ó ń bi í ní ìbéèrè lórí ẹja, ó ń wo bó ṣe ń fèsì. Nígbà tó délé, ó ní etí Yasutaka náà kò burú.

Yasutaka ti fi fóònù pe Minori. "Ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

"Ó ti gbà?"

"Kò gbà. Ó ní òun fẹ́ rí òkun tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun."

"Bàbá mi kò ní jẹ́ kó wọlé wa. Kò tilẹ̀ ní dá a lóhùn. Yasutaka, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. Ṣé ká fi sílẹ̀ ni?"

Minori ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò sí ẹni tó pa fóònù nínú àwọn méjèèjì.

Àǹtí Fusae, tí Minori ti sọ fún, ló mọ ọ̀nà tó gbé e gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà, ó bá Kanzo lẹ́nu èbúté, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Kanzo, ẹja rẹ kan ń febi pa ara rẹ̀ ní Ilé Ẹja."

"Ẹja mi?"

"Orúkọ ọkọ̀ rẹ ni mo rí lára àpótí. Wọ́n fún un lóúnjẹ, kò jẹ. Mo fi ojú ara mi rí i. Ẹnu rẹ̀ ti wú."

Kanzo ju àwọ̀n sílẹ̀. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé àwọn alákọ̀wé yẹn kò mọ ẹja tọ́jú! Wọ́n wá fi orúkọ mi síbẹ̀?" Ó wọ bàtà, ó ti ń lọ. Àǹtí Fusae tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín nínú. Kò kúkú purọ́.

Minori ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú Yasutaka àti ìyá rẹ̀. Obìnrin kékeré ni Kimie Kogure, àpò èso kaki gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ẹni tó wá jà. Kò tíì sọ ju ìkíni lọ fún Minori. Ó ń kọjá níwájú àpótí ńlá tí àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní àjì ń yí po nínú rẹ̀, gbogbo ara wọn ń dán. Ni ó bá dúró lójijì.

"Háà! Èyí á mà dùn o! Ẹ wo bó ṣe sanra!"

Àwọn ọmọdé tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Yasutaka. "Màámi, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ? Ṣé kò ní dùn ni?"

"Kò tíì sanra," ni ohùn kan wí lẹ́yìn wọn. "Ẹ wá wò ó nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀."

Minori mọ ohùn náà.

"Báwo lẹ ṣe ń sè é níbí?" Kimie bèèrè lọ́wọ́ àjòjì náà.

"Ta ló ń sè é? Iyọ̀ lẹ máa fi pa á lára, kẹ́ ẹ sì yan án lórí iná. Ẹni tó bá fi nǹkan míì sí i, ó bà á jẹ́ ni."

"Ohun tí mo máa ń sọ náà nìyẹn! Ọbẹ̀ sóyà ni ọmọ mi ń dà sí gbogbo nǹkan."

"Ọmọ yín kò mọ ẹja jẹ," ni Kanzo wí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá bọ́ sára Yasutaka, ó sì mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Kimie náà mọ̀. Wọ́n tẹrí ba fún ara wọn, wọ́n dìde, wọn kò sì mọ ohun tó kàn. Minori ń rò ó pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Ẹja tí ń febi pa ara rẹ̀ dà?" Kanzo bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àpótí kékeré kan ni, ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, Kanzo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹja agbàdúrà! Èyí tí mò ń dà nù láàárọ̀!" Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Tomezaki nìyẹn, ẹja pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí kò ju ìka lọ, tí ẹnu rẹ̀ máa ń rìn bí ẹni tó ń gbàdúrà nínú. Kò sí ẹni tó ń rà á. Èyí dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó rù títí ara rẹ̀ fi mú bí abẹ.

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"A ò ṣe nǹkan kan fún un, Ọ̀gá," ni Yasutaka wí. "Ọmọ ló wà lẹ́nu rẹ̀."

"Ọmọ?"

"Ẹyin ni. Akọ ni. Ẹnu ló ń kó wọn sí."

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ó ti lọ, Ọ̀gá. Bàbá ló ń dá gbé wọn. Kì í jẹun títí ẹyin náà á fi di ọmọ."

"Kì í jẹun rárá?"

"Tó bá jẹun, á gbé wọn mì."

Kanzo fi iwájú orí ti gíláàsì. Ó ti ń da ẹja yìí nù láti kékeré, kò sì wo ẹnu rẹ̀ rí. Ẹja náà la ẹnu díẹ̀, àwọn ẹyin wẹ́wẹ́ tàn nínú rẹ̀, ó sì yára pa á dé.

"Tí ọjọ́ wọn bá wá pé?"

"Á la ẹnu, Ọ̀gá. Wọ́n á jáde."

"Tó bá wá kọ̀ tí kò la ẹnu ńkọ́?"

Yasutaka ronú sí i. "Mi ò tíì rí èyí tó kọ̀ rí."

Minori wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń rí ojú rẹ̀ nínú gíláàsì, lókè ẹja yẹn. Ó rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti yọ. Ó rí i pé ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fẹ́ sá jáde. Ó fẹ́ di ẹ̀wù rẹ̀ mú látẹ̀yìn bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé tí ìjì bá dé.

"Kogure Minori," ni Kanzo wí, ó fi orúkọ ìdílé Yasutaka síwájú orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Kogure Minori. Kò le lẹ́nu."

Àǹtí Fusae fi ọwọ́ bo ẹnu. Kimie tún àpò ọwọ́ rẹ̀ dì, ó tún tú u. "Bàbá Minori," ó wí, "ìjà ni mo bá wá o. Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà kò bí ju ọ̀kan lọ." Kanzo kò kúrò nídìí gíláàsì. "Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ mi ni Minori yóò máa wà láàárọ̀. Àwọ̀n mi kò bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ rí, apá ló ń fẹ́."

"Kó máa wà níbẹ̀. Tó bá ti lè wá bá mi fọ òkúta ibojì nígbà àjọ̀dún àwọn òkú."

"Á wá. Èmi náà á wá. Mi ò tíì rí òkè tó ga rí."

"Ryohei ńkọ́?" ni Àǹtí Fusae bèèrè. "Kí ni kí n sọ fún àwọn ènìyàn yẹn?"

"Ṣebí ẹ̀yin ni alárinà. Ẹ wá ìyàwó míì fún etí ẹ̀." Ó wá yíjú sí Yasutaka. "Ìwọ. O máa ra òrùka míì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Minori kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ wọ inú ọkọ̀ mi."

"Kò ní wọ̀ ọ́, Ọ̀gá."

Ẹkún ti gba ojú Minori, kò rí ẹnikẹ́ni dáadáa mọ́. Ó gbọ́ ìró bàtà bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀. Òórùn epo àti ẹja ni.

"Minori."

"Bàbá."

"Ebi ń pa mí."